Ẹ̀ka Mẹ́ta Nínú Àwo

Níbi ìnáwó wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, òdòdó kì í wọ́n: a ó kó o jọ rẹpẹtẹ síwájú ìyàwó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ ti ike. Àwọn ará Jàpáàn ní iṣẹ́ ọnà òdòdó títò kan, ikebana, tó jẹ́ pé ẹ̀ka mẹ́ta péré lè tó wọn. Àyè tó ṣófo láàárín wọn, ara iṣẹ́ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tò ó pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Ikenobo ní Kyoto ló dàgbà jù. Ilé ẹ̀kọ́ Ohara ló mú títò sínú àwo pẹrẹsẹ dé. Sogetsu, tí Sofu Teshigahara dá sílẹ̀ ní 1927, gba irin àti ike pàápàá láyè.

Wọ́n sábà máa ń pé jọ kọ́ ọ ni. Olúkálukú á to tirẹ̀, olùkọ́ á dé, á fa ẹ̀ka kan yọ, gbogbo kíláàsì á máa wò. Ó jọ bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, ṣe ń yẹ aṣọ ara wọn wò kí ọdún Ojúde Ọba tó dé, àmọ́ ta ló máa ní kí àwa yọ nǹkan kúrò? A ò ní gbà!

Ẹ dán an wò lónìí: kí ẹ̀ka kan ga, kí ọ̀kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìkẹta wà nísàlẹ̀. Inú omi ni kí ẹ ti gé ìdí wọn, kí wọ́n lè pẹ́.