Ẹlẹ́rìí Ojú Omi: Ohun tí Sátẹ́láìtì Rí àti Ohun tí Kò Rí

  

Ẹlẹ́rìí-ìpín ni à ń pe Ọ̀rúnmìlà, nítorí pé ìṣojú rẹ̀ ni orí kọ̀ọ̀kan ti yan ìpín. Orúkọ yìí kọ́ wa pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Ẹlẹ́rìí kan wà lójú sánmà báyìí tí ó ń wo àwọn adágún omi ayé. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun méjì ni sátẹ́láìtì ń wò. Èkínní ni bí omi ti fẹ̀ tó. Láti 1972 ni àwọn Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Èkejì ni bí ojú omi ti ga tó. Sátẹ́láìtì a ta ìgbì rédíò sí ojú omi, ìgbì náà a padà sókè. Àkókò àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ni a fi ń ṣírò gíga omi. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, a ó mọ bí omi ṣe pọ̀ sí i tàbí bí ó ṣe dín.

Ẹ kíyè sí èdè wa: fífẹ̀ yàtọ̀ sí pípọ̀. Omi inú àwo pẹrẹsẹ lè fẹ̀, kí ti inú akèrègbè sì pọ̀ jù ú lọ. Ní nǹkan bí 1963, adágún Chad fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóòró. Lásìkò ọ̀dá àárín ọdún 1980 sí 1989, kò tó 2,000 mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti padà fẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹni tí ó ń sọ pé ojoojúmọ́ ni ó ń gbẹ lọ kò bi ẹlẹ́rìí léèrè.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí 1,972 adágún ńlá, láti 1992 sí 2020. Omi dín nínú èyí tí ó ju ìdajì àwọn adágún náà lọ. Ooru ayé àti ìlò ọmọ ènìyàn ló fa púpọ̀ nínú ti àwọn adágún àdáyébá. Nínú adágún tí a fi dáàmù dá, ẹrẹ̀ ni olórí ohun tí ó ń gba ipò omi.

Ibi tí ó kàn wá nìyí. Dáàmù Kàìnjì, tí a kọ́ parí ní 1968, wà lórí Odò Ọya, lókè Jẹ́bà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò yìí ń kún lọ́dún: òjò ilẹ̀ wa ń gbé omi ẹlẹ́rẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ni omi tí ó mọ́ jù ú lọ ń dé láti òkè Gíní. Ẹrẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀ adágún, sátẹ́láìtì kò sì rí ìsàlẹ̀. Ojú omi lè wà níbi tí ó wà lánàá, kí omi inú rẹ̀ má tó ti àná mọ́. Àfi kí ènìyàn wọ ọkọ̀, kí ó sì wọn jíjìn rẹ̀.

Nítorí náà, bí omi bá dín, kí babaláwo má ṣe yára kéde pé Ọya ń bínú láì wádìí. Igbó tí a gé àti oko tí a ro dé bèbè odò ló ń sọ àgbàrá di ẹlẹ́rẹ̀. Ẹni tí ó ń bọ Ọya, tí ó tún ń da pàǹtírí sínú odò, ẹbọ rẹ̀ kò pé.

Àwọn odò kéékèèké tí a ń bọ kò hàn dáadáa sí ẹlẹ́rìí òkè. Àwa ni kí a jẹ́ ẹlẹ́rìí wọn. Kí ojúbọ kọ̀ọ̀kan tí ó wà létí odò ri òpó tí a fín ìwọ̀n sí mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ifá, kí a kọ gíga omi àti ọjọ́ sínú ìwé. Ohun tí àwọn ọmọ wa yóò fi jẹ́rìí lọ́la nìyẹn.

Ìṣẹ̀ṣe lágbà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.