Níbo Ló Ti Dúró? Bí A Ṣe Ń Wádìí Kọ̀ǹpútà Àfọwọ́tò Tó Kọ̀ Láti Gba Windows

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òmù, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ní Èkìtì, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì fìdí kalẹ̀ sí Ìkọ̀lé, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ti ń mọ inú kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn kì í ra odindi mọ́. Wọ́n á ra módábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà, wọ́n á rí rámù níbòmíràn, wọ́n á gba dísíkì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n á sì tò ó pọ̀ nínú yàrá wọn. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo sì ń kan sáárá sí wọn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi Windows sí i. Ẹ̀rọ á tàn, fánù á máa yí, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi dúró, tí kóòdù kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ á yọ lójú rẹ̀.

Ohun tí a máa ń ṣe nígbà náà ni pé a ó tún un bẹ̀rẹ̀. A ó yá fláàṣì ẹlòmíràn, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. A ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wa fọ́ọ́màtì, yóò gbowó, òun náà á sì tún ohun kan náà ṣe. Mo ta ko àṣà yìí tọkàntọkàn, nítorí pé owó ọmọ tálákà ló ń jẹ, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó kọṣẹ́ ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó sọ.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi í ni pé, níbo ló ti dúró? Ṣé ojú kan náà ló ń dúró sí nígbàkígbà, àbí ibi ìdúró rẹ̀ ń yí padà? Ẹ mú ìwé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú kóòdù tó gbé jáde. Bó bá jẹ́ pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dúró sí ní gbogbo ìgbà, ẹ fura sí fáìlì tó wà lórí fláàṣì. Ṣùgbọ́n bó bá dúró ní 17 lónìí, tó dúró ní 60 lọ́la, tí kóòdù rẹ̀ náà sì ń yàtọ̀, ẹ fi fláàṣì sílẹ̀ ná. Rámù ni kí ẹ lọ bá, lẹ́yìn náà iná tí ẹ̀rọ ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rámù díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Fífún ni wọ́n fún àwọn fáìlì Windows pọ̀ kí wọ́n lè kéré. Inú rámù ni ẹ̀rọ ti ń tú wọn, ibẹ̀ náà ló sì ti ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n pé. Rámù tó ní àrùn dà bí ìránṣẹ́ tó gbọ́ iṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tó gbàgbé ọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà. Fáìlì yẹn pé pérépéré lórí fláàṣì, síbẹ̀ ẹ̀rọ á kọ 0x80070570, pé fáìlì ti bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ. Kò kàn sọ ibi tó ti bàjẹ́ ni.

Ètò kan wà tó ń dán rámù wò, Memtest86+ ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí fláàṣì ni yóò ti ṣiṣẹ́, kò nílò Windows kankan. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú bí iná bá wà. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá rí ti tó láti fura sí rámù náà. Bí rámù bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ dán èkejì wò lóun nìkan, kí ẹ sì pààrọ̀ ihò. Èyí tó bá ń ṣàṣìṣe nínú gbogbo ihò, òun ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń ba gbogbo rámù jẹ́, módábọ́ọ̀dù ló jẹ̀bi. Kí ẹ tó dá èyíkéyìí nínú wọn lẹ́bi, ẹ wọ inú BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ, ẹ pa XMP, torí ó ń mú kí rámù sáré ju ìwọ̀n tí gbogbo bọ́ọ̀dù lè gbà lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ rámù, okùn àti fláàṣì pọ̀ lójú kan náà kò ní mọ èyí tó ṣe é.

Ní ti fláàṣì, ayédèrú pọ̀ lọ́jà: wọ́n kọ 64GB sí i lára, 8GB ló wà nínú rẹ̀, ohun tó bá sì kọjá ìyẹn á ṣègbé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fáìlì tí ẹ gbà náà lè má pé: ẹ fi nọ́ḿbà SHA-256, tó dà bí àmì ìka ọwọ́ fáìlì, tí àwọn tó ni Windows tẹ̀ jáde wé ti fáìlì tí ẹ gbà.

Ẹ̀rọ mìíràn kò tiẹ̀ ní dé ibi tí fáìlì ti ń wọlé. Yóò béèrè ibi tí ẹ fẹ́ fi Windows sí, kò sì ní sí dísíkì kankan níbẹ̀. Ẹ lọ wo BIOS. Bí BIOS kò bá rí dísíkì náà, okùn, ihò tàbí dísíkì fúnra rẹ̀ ló níṣòro. Bí BIOS bá rí i tí Windows kò rí i, dráífà ni kò sí. Ó wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ Intel láti ìran kọkànlá síwájú, nítorí ohun kan tó ń jẹ́ VMD. Ẹ pa á nínú BIOS, tàbí kí ẹ fi dráífà Intel RST sórí fláàṣì kí ẹ sì tẹ Load driver. Bó bá rí dísíkì ṣùgbọ́n tó ń ṣàròyé MBR, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi pín dísíkì náà, nígbà tí UEFI, BIOS ìgbàlódé, ń béèrè ìlànà tuntun tó ń jẹ́ GPT. Àṣẹ diskpart á tún un ṣe, ṣùgbọ́n yóò nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí dísíkì méjì bá wà nínú ẹ̀rọ, ẹ yọ èyí tí fọ́tò ìsìnkú ìyá àgbà wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Iná wa náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bátìrì róbótó kan wà lórí módábọ́ọ̀dù, CR2032, fólítì 3, òun ló ń jẹ́ kí BIOS rántí ètò rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Níbi tí iná kì í ti í lọ, bátìrì tó ti kú lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní Èkìtì, alẹ́ kan ti tó láti tú àṣírí rẹ̀: Windows tó wọlé lánàá lè má bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, torí BIOS ti padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é wá, ọjọ́ àti aago ẹ̀rọ náà á sì ti padà sẹ́yìn. Bátìrì yìí kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lórí gbogbo bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tún BIOS kọ láìsí UPS tàbí ìnfátà. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀dù náà lè má tún jí mọ́.

Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Windows 11, tó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2021, ń béèrè ẹ̀yà ààbò tó ń jẹ́ TPM 2.0, Secure Boot àti rámù 4GB, kò sì fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá TPM wà nínú BIOS tí wọ́n kàn pa á: fTPM ni AMD ń pè é, PTT ni Intel ń pè é. Bí kò bá sí, èmi kò ní sọ fún ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó ju bọ́ọ̀dù tó ṣì lágbára nù. Kó fi Ubuntu sí i, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé jáde ní 2004. Ó lè kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí rẹ̀, ó sì lè kọ́ kóòdù níbẹ̀.

Ìkẹjà jìnnà sí Òmù. Ẹni tó bá gbé rámù burúkú délé, owó ọkọ̀ tí yóò fi dá a padà lè fẹ́ẹ̀ tó owó rámù náà. Nítorí náà, ẹ gbé fláàṣì tí Memtest86+ wà lórí rẹ̀ dání lọ sọ́jà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé rámù náà sórí ẹ̀rọ níwájú yín, kí ìdánwò náà parí lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, kí ẹ tó sanwó.