Láti Orí Òkè Ìdànrè Dé Etí Òkun Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjẹ ọdún kẹwàá

  

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé wa lọ́wọ́ lónìí ni kí a sọ ibi tí ètò ìsinmi ọdún kẹwàá dé. A mọ̀ pé ebi ti ń pa àwọn kan, òórùn ọbẹ̀ sì ń ta sánsán láti ẹ̀yìn àgọ́ yẹn. A kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká là á yéra wa.

Kí a tó sọ ti ọdún kẹwàá, ó yẹ ká rántí ti ọdún karùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á fẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Accra la fẹ́ lọ nígbà yẹn. Ọkùnrin kan kó ìwé aláwọ̀ mèremère wá sí ìpàdé wa, ó fi òtẹ́ẹ̀lì hàn wá, ó fi etí òkun hàn wá, ó ní bí a bá lè sanwó kí oṣù tó parí, òun á bá wa dín in kù. A sanwó. Títí di òní olónìí, ọkùnrin náà kò gbé fóònù. Ohun tó ń dùn wá jù ni pé òṣìṣẹ́ báǹkì mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀kan. Ojoojúmọ́ là ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Oníṣòwò oògùn ikọ́ ni ikọ́ ń ṣe.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, a kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí a ó lọ. Orí owó la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù, ọdún méjì gbáko. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí àkáǹtì náà. Èèyàn mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde: Alága, Akápò, àti ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò sí nípò kankan. Òfin kan tún wà lórí rẹ̀: kò sí ẹni tí a ó sanwó fún tí a kò kọ́kọ́ lọ fojú ara wa rí ohun tó ń tà.

Ìgbà tí a wá dórí ibi tí a ó lọ, ariwo sọ. Àwọn kan ní Dubai. Ẹ ò rí i, láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó tí à bá fi lọ Dubai ká sì ra góòlù bọ̀ kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Àwọn kan ní ká lọ sí pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní Ìlárá-Mọ̀kín nítòsí wa níbí. Ibẹ̀ dára, a kò jiyàn, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti di igi gọ́ọ̀fù mú rí? Ẹnì kan tún dárúkọ Accra. A kò dá a lóhùn.

Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wa dìde, ọmọ Ayétòrò ní Ìlàjẹ, tó ti ń gbé Àkúrẹ́ láti ìgbà tó ti wá kàwé níbẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń bá yín jẹ iyán l'Óǹdó àti l'Ákùúrẹ́. Gbogbo ilé bàbá yín ni mo mọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú yín tó mọ ilé bàbá tèmi. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ ọ́n báyìí, ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ dé orí rẹ̀, nítorí inú òkun ló wà.”

Gbogbo wa dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàrin àwọn àlejò wa. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan nílẹ̀ Ìlàjẹ tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun. Àpapọ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, àpapọ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí apẹja bá pa kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ti ìlú ni. Ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní Ogelóyìnbó, ló ń darí wọn. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan fìtílà. Àwọn òyìnbó ń wá láti òkè òkun láti wò wọ́n. Ìlú yìí ni òkun ti ń jẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún báyìí, ilé àti òpópónà àti ilé iṣẹ́. Ẹni tí omi bá gba ilé rẹ̀ á kọ́ òmíràn sẹ́yìn, omi á tún lé e bá.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa wá béèrè ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè fojú fò dá. Ó ní, “Ṣé ibi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún ni a ó wá lọ máa ṣe fàájì?” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ Ayétòrò ló dá a lóhùn. Ó ní àwọn èèyàn òun kì í sunkún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wá kí wọn bí ẹ ṣe máa kí àna yín. Ohun tóun kò fẹ́ ni kí a gbé kúlà oúnjẹ láti Àkúrẹ́, kí a ya fọ́tò níwájú ilé tó wó, kí a sì máa lọ. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀, ìyá náà ló kọ́kọ́ ná ọwọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ọjọ́ mẹ́rin, ní ìparí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì mú. Àwọn ará Oǹdó á wá sùn sí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àwa tí a wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di Òkè Ìdànrè. Àwa mẹ́ta tí ẹgbẹ́ rán lọ wò ó ti gùn ún, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Níbi kejì ni Akápò wa jókòó sí, tó béèrè bóyá ọ̀kadà kì í gun òkè yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orúnkún gbogbo wa ti lé ní ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé òkè á rí ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè ṣí kúrò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lórí àpáta, èyí tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, àfi ti àjẹ́. Gbogbo wa ló máa ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, a ti fẹnu kò. Láti ọdún 2007 ni UNESCO ti kọ òkè náà sínú àwọn ibi tó ṣeé ṣe kó di ohun ìní gbogbo ayé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ kò tíì débẹ̀ rí.

Láti ibẹ̀, Oǹdó. Ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ la ó sùn, owó òtẹ́ẹ̀lì kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a ó gba Òrè, níbi tí ogun ti le lọ́dún 1967 débi tó fi di òwe lẹ́nu wa, a ó gba Òkìtìpupa dé Ìgbókọ̀dá. Ojúmọmọ la ó rìn. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, mọ́tò kò gbọdọ̀ sí lójú títì. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lójú ọ̀nà lóde òní.

Ní Ìgbókọ̀dá ni a ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Lọ́jọ́ tí àwa lọ, èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀, jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. A bá awakọ̀ sọ ọ́, ó ní àwa ará òkè ni a máa ń bẹ̀rù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A ti yọ owó jákẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, ti ẹgbẹ́ fúnra wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan, a kò sì ní gba àríyànjiyàn lórí ẹ̀. Àárọ̀ kùtù la ó gbéra, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì le.

Bí a ṣe dé Ayétòrò lọ́jọ́ náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa nàka sójú omi. A wò títí, a kò rí nǹkan kan ju ìgbì lọ. Ẹyẹ kan bà sórí òpó tó yọrí láàrin omi. Ó ní, “Ẹ rí òpó yẹn? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yàrá ìyá mi.” A kò mọ ohun tí à bá sọ. Akápò ló mú un lọ́wọ́, ó ní kó mú wa lọ kí àwọn àgbà.

Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ló máa se oúnjẹ fún wa, púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó pẹ̀lú ẹja tútù, a ti bá wọn dúnàá dúrà, a ti san àsansílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ tọrọ ààyè. Ọjọ́ kan yòókù jẹ́ ti Aráròmí, etí òkun tí iyanrìn rẹ̀ lọ salalu, níbi tí ẹ ti lè sáré, ẹ sùn, ẹ fi ẹsẹ̀ wọmi.

Títí di àná, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti san owó tiwọn pé. Àwọn mẹ́sàn-án ṣì jẹ gbèsè, a kò ní dárúkọ wọn níwájú àlejò, wọ́n mọ ara wọn. Ọjọ́ tí oṣù yìí bá parí la ó ti ìwé. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé, kí ẹ kọ ìwọ̀n ara yín sí i nítorí jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má purọ́ níbẹ̀. Kí ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ kọ ìyẹn náà. Ẹ má tijú, orúkọ Alukoro yín ló ṣáájú lórí ìwé àwọn tí kò mọ̀ ọ́n.