Ẹ̀rọ Ìgébébà Wo Ni Ká Rà fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Káàdì?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa nìyí. Akọ̀wé ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

 

Gbogbo wa la mọ̀ pé a ń dáwó jọ láti ra irinṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ káàdì nínú gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ sì rí àríyànjiyàn tó wáyé lórí gúrúùpù wa. Àwọn kan ní ká kó gbogbo owó náà lé ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tó ń lo iná, irú èyí tí àwọn atẹ̀wé ń lò ní Ṣómólú. Àwọn mìíràn ní ká má ra nǹkan kan, pé àwọn ará òkè òkun á fi tiwọn ránṣẹ́. Wọ́n wá ní kí èmi sọ̀rọ̀ sí i, torí pé bébà gígé ni mo fi ń jẹun. Èrò tèmi kò gùn: iṣẹ́ tí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni ká wò ká tó ra ẹ̀rọ, ká má wo títóbi rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a kò bá sì lè rí abẹ rẹ̀ rà, a ò gbọ́dọ̀ rà á, kódà bí wọ́n bá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ká rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Iṣẹ́ wo ni àwọn ọmọ yìí máa ṣe? Ìwé ìpè, tí gbogbo wa ń pè ní IV. Káàdì ọjọ́ ìbí. Àpò owó tí wọ́n fi ń fún ìyàwó lẹ́bùn. Àpò kékeré fún ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín lóde àríyá. Ìwé ètò ìsìnkú, bí ẹbí kò bá fẹ́ ju àádọ́ta lọ. Ogún, àádọ́ta, ọgọ́rùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ àlímánáàkì ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, Ṣómólú náà ló máa gbé e lọ, ẹ̀rọ wa ì báà tóbi bí ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi káàdì kan ṣàlàyé. Bébà A4 tí ẹ mọ̀ yẹn, ó fẹ̀ ní mìlímítà 210, ó gùn ní 297. Bí ẹ bá gé e sí méjì láàárín, tí ẹ ṣẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan po, káàdì A6 méjì lẹ ní nìyẹn, tó fẹ̀ ní 105, tó ga ní 148. Ẹńfílóòpù tí wọ́n ń pè ní C6, tó jẹ́ 114 sí 162, á gbà á dáadáa. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n bí gígé yẹn bá fi mìlímítà méjì péré wọ́, nígbà tí ọmọ bá ṣẹ́ káàdì po, ẹnu rẹ̀ kò ní pàdé. Ìtẹ̀síwájú kan á yọ bí ahọ́n. Oníbàárà kò ní sọ pé ẹ̀rọ ló burú o. Á ní ọmọ yẹn ò mọṣẹ́, á sì sọ fún àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ aṣọ ẹbí. Ní ìlú bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn tó láti pa ìsọ̀ ọmọ náà kó tó ṣí i.

Ní báyìí, kọ́tà àti rúlà ni wọ́n ń lò, kọ́tà tí a máa ń ṣẹ́ orí rẹ̀ sọnù bó bá ti kú. Ará Japan kan tó ń jẹ́ Yoshio Okada ló ronú kan irú abẹ yẹn ní 1956. Ṣokoléètì tí wọ́n ń ṣẹ́ ní ègé-ègé wà lára ohun tó fún un lọ́gbọ́n, òun náà ló sì dá ilé iṣẹ́ Olfa sílẹ̀. Mi ò bá kọ́tà jà rárá. Kọ́tà tó mú pẹ̀lú rúlà onírin ń gé bébà tó tọ́ ju ẹ̀rọ játijàti lọ. Rúlà oníke ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn, torí abẹ máa ń jẹ ẹ́ létí, ibi tó jẹ yẹn á sì máa yọ lára gbogbo káàdì. Àléébù kọ́tà ni pé ó ń fẹ́ sùúrù. Tó bá di káàdì ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ á ti rẹ ọmọ, rúlà á yọ̀. Ibi tí rúlà bá ti yọ̀ ni ìka ti ń fara gbọgbẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ẹ̀rọ. Irú tó wà lọ́jà pọ̀, àmọ́ mẹ́ta ló kàn wá.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí abẹ kékeré rẹ̀ ń sáré lórí ojú irin. Ẹ ó ti bébà bọ abẹ́ irin, ẹ ó fọwọ́ fa abẹ náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó fúyẹ́, ọmọ lè gbé e sínú báàgì lọ sílé. Abẹ rẹ̀ fara pamọ́, kò rọrùn kó gé èèyàn. Ó dára fún káàdì kan, méjì lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí àwọn èèyàn kì í ṣàkíyèsí ni pé nǹkan méjì ló ń gbó lára rẹ̀: abẹ, àti ọ̀já oníke tó wà lábẹ́, níbi tí abẹ ń gbà kọjá. Bí ọ̀já yẹn bá ti jinlẹ̀, abẹ tuntun gan-an á máa fa bébà ya. Ẹ ó máa bú abẹ, abẹ kò sì mọ̀.

Èkejì jọ ọ́, ṣùgbọ́n abẹ tirẹ̀ rí róbótó bí owó ẹyọ, ó ń yí bó ti ń lọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kì í fa bébà, ó ń tẹ̀ ẹ́ gé ni. Ọlọ́wọ́ òsì pàápàá lè lò ó láìṣẹ́ ọrùn, ọmọ méjì nínú àwọn tiwa sì jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Páálí tó ki kò bá a lára mu, kí ẹ má fi dán an wò.

Ẹ̀kẹta ni gílótíìnì alápá, èyí tí a rí ní ọ́fíìsì ilé ìwé nígbà èwe wa, tó ní apá gígùn bí àdá tí a ń fà wálẹ̀. Ó yá, ó lágbára, ó ń gé bébà líle wẹ́rẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Gbọ̀ngàn ìlú kì í ṣe ọ́fíìsì tí wọ́n ń tì. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá síbẹ̀, àwọn ọmọ jéléósinmi ń ṣeré yí tábìlì ká. Apá gílótíìnì tí kò ní ìkọ́ tó ń dì í mọ́lẹ̀, tó wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, mi ò lè fọwọ́ sí i. Bí a bá máa ra èyí, ẹyọ kan ṣoṣo ni, kó ní ìkọ́, kó ní ike tó ń dá ìka dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, kó sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù olùkọ́ pẹ̀lú àgádágodo. Kí ẹ tún wò ó bóyá ó ní irin tó ń tẹ bébà mọ́lẹ̀. Èyí tí kò ní, bí apá bá ti ń bọ̀, bébà á máa sún kúrò díẹ̀díẹ̀, gígé náà á sì tẹ̀ bí ojú ọrun.

Ẹnì kan ti ń múra láti béèrè nípa Cricut. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ rere ni fún gígé òdòdó àti orúkọ ìyàwó sára káàdì. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ó ń fẹ́ dátà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gé ìlà tó tọ́ ná.

Wàyí o, ẹ̀rọ ńlá oníná. Àwọn tó ní ká rà á ní ìdí tó dára: wọ́n ní ẹgbẹ́ á máa fi pawó. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ iná three-phase, ẹ sì mọ bí NEPA ṣe ń ṣe wá ládùúgbò. Abẹ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń pọ́n lórí òkúta, ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ́n gbọ́dọ̀ wà. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹnì kan ló lè dúró nídìí rẹ̀. Ọmọ méjìlá á jókòó, wọ́n á máa wo ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá parí ẹ̀kọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ra irú rẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. A ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí wọn ò lè ṣe nílé nìyẹn.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ó kàn yín. Ọkàn rere lẹ fi ń fi nǹkan ránṣẹ́, a ò kóyán yín kéré. Ṣùgbọ́n bébà Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa. Tiwọn jẹ́ ínṣì 8.5 sí 11. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe fún ínṣì 11 kò ju mìlímítà 279 lọ, A4 tiwa sì gùn ní 297. Ẹ ò lè gé e lóròó. Ínṣì 12 ni kí ẹ rà, 305 nìyẹn, á gba A4, á sì gba bébà ọlọ́nà tí wọ́n ń tà ní ínṣì 12 sí 12. Abẹ ńkọ́? Abẹ ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá fi Fiskars ránṣẹ́, ẹ fi abẹ bíi mẹ́wàá sí i, kí ẹ fi ọ̀já abẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan, ẹ̀rọ náà á di ohun tí wọ́n fi ń gbé ilẹ̀kùn dúró.

Ẹni tó bá ń rà á níbí náà, kó má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń gé bébà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, bébà fọ́tókọ́pì ni wọ́n sábà ń sọ, gíráàmù 80. Mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 800. Bébà káàdì jẹ́ 250 tàbí 300. Ẹ pín in: méjì ni ẹ̀rọ yẹn máa gé fún yín láìkérora, ẹ̀kẹta á di ìjàkadì.

Kí ẹ mú bébà A4 dání lọ sọ́jà. Ẹ gé e sí méjì níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ to méjèèjì padà bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ wá gbé ọ̀kan yí lu èkejì bí ẹni ń pa ìwé dé. Ẹ mú etí tí ẹ kò gé bára mu dáadáa, kí ẹ wo etí tí ẹ gé. Bó bá lanu níbì kan, tó pàdé níbòmíràn, ẹ̀rọ yẹn wọ́. Àlàfo tí ẹ rí jẹ́ ìlọ́po méjì àṣìṣe rẹ̀, ìyẹn ló fi rọrùn fún ojú láti rí. Ẹni tó ń tà á lè bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ti ìtọ́jú kò pọ̀. Bébà tó ń dán yinrinyinrin yẹn ń pa abẹ kíákíá, kí wọ́n ya abẹ kan sọ́tọ̀ fún un. Bébà onígọ́ọ̀mù ń fi gọ́ọ̀mù sára abẹ, kí wọ́n fi sípírítì díẹ̀ nù ún. Nígbà òjò, bébà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á rọ̀, etí rẹ̀ á sì máa rí jáńgirọ̀fà bí wọ́n bá gé e. Inú náílọ́nù ni kí ó máa wà.

Nítorí náà, ohun tí mo gbé síwájú ìgbìmọ̀ ni pé kí a ra ẹ̀rọ alábẹ róbótó mẹ́rin, oní-ínṣì 12. Gílótíìnì alápá kan tó ní ìkọ́. Àti rúlà onírin pẹ̀lú kọ́tà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó di tiwọn pátápátá. Kí akápò ya ìdá kan nínú márùn-ún owó náà sọ́tọ̀ fún abẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ra ìpápánu ìpàdé. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá tó sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ kan dání, kó ya fọ́tò ẹ̀rọ náà àti ti páálí abẹ rẹ̀ sórí gúrúùpù kó tó sanwó. Èmi fúnra mi á wò ó, màá sì dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn gan-an.