Ìjọsìn àti Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn ní Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọ Wa: Ta Ni Ó Ń Mójú Tó O?

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ẹ̀ka wa sọ níwájú ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́

 A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ wá síhìn-ín. Nítorí náà a kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ lè bi wá pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn? Ìdáhùn wa ni pé ẹgbẹ́ yìí kò ní ẹ̀sìn kankan. Onígbàgbọ́ wà nínú wa, Mùsùlùmí wà nínú wa, oníṣẹ̀ṣe wà nínú wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kì í lọ sí ilé ìjọsìn kankan wà pẹ̀lú. Owó ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń san. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé-ìwé, owó orí wa sì wà nínú ohun tí a fi ń tọ́jú ilé-ìwé náà. Ohun tí a bá ń fi owó wa ṣe fún ọmọ wa, ó tọ́ kí a mọ ẹni tí ó ń ṣe é àti bí ó ti ń ṣe é.

Ẹjọ́ méjì ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí yóò ní, "Wọ́n ń kọ́ ọmọ mi ní orin ṣọ́ọ̀ṣì." Bàbá tí ó jẹ́ aládùúrà yóò ní, "Wọ́n ń kọ́ ọmọ mi ní òrìṣà àwọn ará Íńdíà." Ẹ̀rù kan náà ni ó ń ba àwọn méjèèjì, pé kí ilé-ìwé má ṣe yí ọmọ àwọn padà. Àwọn méjèèjì ń kùn nílé, wọ́n ń kùn ní kàǹtíìnì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ. Ibẹ̀ ni a fẹ́ fi hàn yín lónìí.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní England níbí, òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1944 ni ó pàṣẹ pé kí ilé-ìwé ìjọba máa fi ìjọsìn àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, kí wọ́n sì máa kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Òfin ọdún 1988 tún un ṣe. Ìjọsìn ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀, ṣùgbọ́n kò di dandan kí ó jẹ́ òwúrọ̀, kò sì di dandan kí gbogbo ilé-ìwé pé jọ sójú kan. Nínú táàmù kan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjọsìn náà gbọ́dọ̀ jẹ mọ́ ti Kristẹni, láìjẹ́ ti ìjọ kan pàtó. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gíga kì í ṣe é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí òfin ti wí nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa ìjọsìn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀. Ìjọsìn ni pé kí ọmọ gbàdúrà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni pé kí ọmọ mọ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbàdúrà àti ìdí tí ó fi ń gbà á. Láti ọdún 1988, òfin ti sọ pé ìlànà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn gbọ́dọ̀ fi hàn pé ti Kristẹni ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ yìí, kí ó sì ka ẹ̀kọ́ àti ìṣe àwọn ẹ̀sìn ńlá yòókù kún. Kí ó tó di ìgbà náà, Birmingham ti gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 1975 tí ó fi ẹ̀sìn mìíràn kún ti Kristẹni, tí ó tilẹ̀ mẹ́nu kan èrò àwọn Kọ́múnísì. Ariwo rẹ̀ pọ̀ nígbà náà. Nítorí náà, bí ọmọ aládùúrà bá ń kọ́ nípa àwọn Híńdù, kò sí ẹni tí ó ní kí ó wólẹ̀ fún ohunkóhun.

ÌGBÌMỌ̀ TÍ Ó Ń MÓJÚ TÓ O

Ìgbìmọ̀ kan wà ní ọ̀dọ̀ gbogbo káńsù tí ilé-ìwé wà níkàáwọ́ rẹ̀. SACRE ni Òyìnbó ń pè é. Kí ọdún 1988 tó dé, káńsù tí ó bá wù ú ni ó ń dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà ó ti di dandan. Ọ̀wọ́ mẹ́rin ni ó pín sí. Ọ̀wọ́ kìíní ni ti àwọn ìjọ Kristẹni oríṣiríṣi àti àwọn ẹ̀sìn mìíràn. Ọ̀wọ́ kejì ni ti Ìjọ England. Ọ̀wọ́ kẹta ni ti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, tí í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa. Ọ̀wọ́ kẹrin ni ti káńsù fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wà ní ọ̀wọ́ kan, tí mẹ́ta wà ní òmíràn, ìbò kọ̀ọ̀kan ni ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní.

Iṣẹ́ wọn nìyí. Wọ́n ń gba káńsù nímọ̀ràn lórí ìjọsìn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, lórí ìwé tí a ó lò àti bí a ó ṣe kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn jáde lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọsìn ti Kristẹni kò bá àwọn ọmọ ilé-ìwé kan mu, ọ̀gá ilé-ìwé náà lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yìí, wọ́n sì lè yọ̀ǹda kí ìjọsìn gba ọ̀nà mìíràn, yálà fún gbogbo ilé-ìwé tàbí fún àwọn ọmọ kan nínú rẹ̀. A ó tún ìyọ̀ǹda náà yẹ̀ wò kí ọdún 5 tó pé.

Ìlànà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ti àdúgbò náà ń kọ́? Káńsù ni ó ń pe ìpàdé pàtàkì kan tí ó ní ọ̀wọ́ mẹ́rin kan náà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 5. Níbẹ̀, ọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí wọn kò bá lè fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ yóò kúrò lọ́wọ́ àdúgbò, yóò di ti mínísítà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jókòó lórí owó oṣù rí, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí kò sí lórí àga kò lè sọ pé òun kò gbà.

Òfin tún sọ pé iye aṣojú ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ kìíní gbọ́dọ̀ bá bí ẹ̀sìn náà ti pọ̀ tó ní àdúgbò mu, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní ọdún 2013 rí ìjọ aláwọ̀ dúdú 240 ní Southwark nìkan. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù béèrè ní káńsù tirẹ̀: mélòó nínú àwọn ìjọ aládùúrà wa, mélòó nínú àwọn mọ́ṣáláṣí wa ni ó ní ẹnìkan lórí àga náà? Àwọn tí kò ní ẹ̀sìn pàápàá kò dákẹ́. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga dájọ́ pé káńsù Kent rú òfin nígbà tí ó kọ̀ láti gba aṣojú àwọn humanist sí ọ̀wọ́ kìíní. Ẹni tí ó béèrè ni ó rí gbà.

Ẹ̀TỌ́ ÒBÍ ÀTI TI OLÙKỌ́

Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Òbí lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ìjọsìn, tàbí nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí nínú apá kan rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi dandan bi í ní ìdí rẹ̀. Ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọmọ náà ní àsìkò yẹn. Àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì àgbà, lẹ́yìn ọdún 16, lè yọ ara wọn kúrò nínú ìjọsìn láìjẹ́ pé òbí kọ̀wé. Olùkọ́ ilé-ìwé káńsù pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. A kò lè yọ ọ́ níṣẹ́ tàbí dín owó rẹ̀ kù nítorí pé ó kọ̀ láti kọ́ni ní ẹ̀sìn tàbí láti bá wọn jọ́sìn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìbínú lọ bá olùkọ́, ẹ rántí pé òṣìṣẹ́ ni òun náà.

Bí ó bá jẹ́ ìjọsìn ni ó dùn yín, ẹ lo ẹ̀tọ́ yín láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, a bẹ̀ yín kí ẹ rò ó dáadáa. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í bi èrò ní ẹ̀sìn rẹ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn èrò yẹn náà ni ọmọ wa yóò bá ṣiṣẹ́, tí yóò bá gbé àdúgbò. Ọmọ tí ó ń dá jókòó sí yàrá ìkàwé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ìsìláàmù tàbí nípa Krístì, yóò gbọ́ ọ lójú pópó, bí ojú pópó bá sì ṣe sọ ọ́ ni yóò ṣe gbà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lójú wa. Nílé, àwọn míṣọ́nnárì ni ó ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àkọ́kọ́, àwọn òbí tí í ṣe Mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù àtirán ọmọ lọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, ẹ̀kọ́ ọmọ Mùsùlùmí wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kó ara wọn jọ. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú ọmọ ilé-ìwé gba ẹ̀kọ́ tàbí ìjọsìn ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìkójọpọ̀ ni ó ran àwọn bàbá wa lọ́wọ́ nígbà náà.

IBI TÍ ỌWỌ́ ÌGBÌMỌ̀ NÁÀ KÒ DÉ

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilé-ìwé tí ọmọ yín ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọ tí ìjọ náà ní agbára lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rẹ̀, bí irú ti Kátólíìkì, ìgbìmọ̀ yìí kò láṣẹ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ akádẹ́mì, kò di dandan kí ó tẹ̀lé ìlànà àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni yóò ti tọrọ ìyọ̀ǹda lórí ìjọsìn. Ó sì ju ìdajì àwọn ọmọ ilé-ìwé ní England tí ó wà ní akádẹ́mì báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ òbí láti yọ ọmọ rẹ̀ kò yí padà ní ibikíbi.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti yẹ ẹ̀kọ́ ilé-ìwé wò dá a lábàá pé kí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn di ara ìlànà ẹ̀kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè bí ọjọ́ ti ń lọ. Àwọn kan ní ó dára, nítorí gbogbo ọmọ yóò kọ́ ohun kan náà. Àwọn mìíràn ní àdúgbò yóò pàdánù ohùn rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí kò lo ohùn rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rí ẹni bá a sunkún bí wọ́n bá gbà á.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Èkíní, kí olúkúlùkù òbí bi ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: Irú ilé-ìwé wo ni yín? Ìlànà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wo ni ẹ ń lò? Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe ìjọsìn?

Èkejì, kí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yín, kí àwọn aṣáájú yín kọ̀wé sí káńsù láti béèrè bí àyè bá wà ní ọ̀wọ́ kìíní.

Ẹ̀kẹta, ìpàdé ìgbìmọ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa òfin. A fẹ́ kí ẹ̀ka wa máa rán ọmọ ẹgbẹ́ méjì lọ fetí sílẹ̀, Onígbàgbọ́ kan àti Mùsùlùmí kan, kí wọ́n jọ lọ, kí wọ́n sì jọ wá jíṣẹ́ fún wa. A ó tún kọ̀wé kí wọ́n fi ìpàdé sí àkókò tí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀ tàbí ti òru lè dé ibẹ̀.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ṣùgbọ́n àìrìn pọ̀ ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ọ̀gá kò bá lè fi ẹ̀sìn pín wa níyà ní ibi iṣẹ́, kí a má ṣe jẹ́ kí ilé-ìwé ọmọ wa di ibi tí a ó ti pínyà. A fi àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí síwájú yín kí ẹ dìbò lé e lórí.