Ìwọ̀n Oògùn Kòkó àti Ìrìn Ẹsẹ̀ Ẹni tí Ń Fín In



Bí a bá bi àgbẹ̀ kòkó bí ó ti ń po oògùn kòkòrò, iye ìdérí ìgò tí ó ń dà sínú páḿpù kan ni yóò sọ. N kò bá a jà: òṣùwọ̀n ni ìdérí, gẹ́gẹ́ bí igbá ti jẹ́ òṣùwọ̀n lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìdérí kò lè sọ iye oògùn tí ó bọ́ sórí oko. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbé páḿpù kọ́ ẹ̀yìn ni ó ń sọ ọ́.

Ká ní páḿpù ń tú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú kan, tí ìlà igi kòkó sì fi mítà 3 jìnnà sí ara wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń rin mítà 50 ní ìṣẹ́jú kan yóò lo lítà 67 lórí hẹ́kítà kan. Bí bàbá rẹ̀, tí ó ń rin mítà 33, bá gba páḿpù náà, lítà 100 ni yóò lò. Oògùn ti fi ìdajì lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fi ìdérí kan kún un.

Bí oògùn kò bá tó, kapsídì kò ní kú, yóò sì máa fa omi ara èso àti ọ̀mùnú mu. Láàrin àwọn ọdún 1960 ni a rí kapsídì tí Gamalin kò pa mọ́, ní Gánà àti ní ilẹ̀ wa. (Gamalin yìí kan náà ni àwọn kan fi ń pa ẹja lódò! Ní 2009, Àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.) Bí ó bá sì pọ̀ jù, ara kóró ni yóò kù sí, láti oṣù Kẹsàn-án 2008 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi òfin kan ṣoṣo díwọ̀n èyí.

Ẹ bu omi lásán sínú páḿpù, ẹ sàmì sí ibi tí ó dé. Ẹ fín ìlà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 100, kí ẹ rìn bí ẹ ti máa ń rìn. Oko àtijọ́ kò ní ìlà, mo mọ̀. Ẹ fi okùn fa ọ̀nà. Ẹ wọn omi tí yóò dá a padà sí àmì náà, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 33. Bí ó bá jẹ́ lítà 2, nǹkan bí 67 ni lórí hẹ́kítà, èyí tí í ṣe páḿpù onílítà 15 mẹ́rin àbọ̀. Ìwọ̀n oògùn tí ìwé ara ìgò pè fún hẹ́kítà kan, páḿpù mẹ́rin àbọ̀ yẹn ni kí ẹ pín in sí.

Ti àkókò ńkọ́? Ìṣẹ́jú 67 ni ìrìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó tún omi pọn. Bí odò bá gba ìṣẹ́jú 15 ní àlọ àti àbọ̀, wákàtí kan ti lọ lójú ọ̀nà odò. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn tí ń béèrè páḿpù ńlá lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé dúrọ́ọ̀mù omi sáàrin oko.

Páḿpù mẹ́ta wà níta fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán ìrìn rẹ̀ wò. Omi lásán ni ó wà nínú wọn.