Wárápá: Kí Ẹ̀rọ Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Na Ọwọ́ Wa

 

Nígbà tí a wà nílé ìwé, ọmọ kíláàsì wa kan ṣubú lójijì. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ń hó. Gbogbo wa sá jáde. A ní bí itọ́ rẹ̀ bá kàn wá, àwa náà yóò kó o. Láti ọjọ́ náà, kò padà wá mọ́. Ó ti tó àádọ́ta ọdún, ojú ṣì ń tì wá.

Ẹ gbọ́ o: wárápá kì í ràn. Iṣẹ́ ọpọlọ ló ń dàrú fúngbà díẹ̀. Ó lè wá nítorí pé orí fara gbọgbẹ́, nítorí ìnira ọmọ nígbà ìbí, nítorí ibà tó dé ọpọlọ, tàbí nítorí ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ tó bá omi tàbí oúnjẹ ẹlẹ́gbin wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bíi mílíọ̀nù 50 ènìyàn ló ní in láyé, àti pé 7 nínú 10 lè wà láì ṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Phénobarbital, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1912, kò wọ́n.

Àwọn tó kù ńkọ́? Bí oògùn méjì tó bá àìsàn náà mu, tí a sì lò dáadáa, kò bá ṣiṣẹ́, àwọn dókítà ní wárápá náà kò gbóògùn. Ìyẹn kì í ṣe èpè. Iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba ọrùn lọ sí ọkàn àti ikùn; àwọn Faransé ń pè é ní nerf vague. Ní 1988, ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà aláìsàn, wọ́n sì so okùn rẹ̀ mọ́ iṣan yìí ní ọrùn lápá òsì. Ẹ̀rọ náà ń ta iṣan náà jí díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ohùn lè há, ikọ́ lè wà. Kò wo wárápá sàn pátápátá, oògùn kò sì dúró. Àmọ́ ìṣubú ń dín kù lára ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn sì ní ọkàn àwọn fúyẹ́, ojú àwọn sì là sí i, kódà nígbà tí ìṣubú kò tíì tán.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ìṣubú nìkan ló ń pa aláìsàn lára. Ìbẹ̀rù àti ìdánìkanwà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ yẹn wọ́n, ọwọ́ wa ní Kétu kò tó o. Ṣùgbọ́n ta ló ní ká máa dá abọ́ aláìsàn yà sọ́tọ̀? Ta ló ní ká yọ ọmọ kúrò níléèwé? Àwa fúnra wa ni. Ìyẹn kò nílò ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la bẹ̀bẹ̀ fún.

Àkọ́kọ́, kí ẹ̀yin ìjòyè kéde ní àdúgbò gbogbo pé wárápá kì í ràn. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ gbé iná àti ọ̀bẹ kúrò, ẹ fi aṣọ tì í lórí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí mairie pé kí oògùn wárápá má wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn wa. Ẹni tó bá dá oògùn dúró lójijì lè ṣubú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí oògùn kò ràn lọ́wọ́, ká dáwó jọ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ ní Kùtọnu.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ kíláàsì wa yẹn, a sá fún un. Ẹ má jẹ́ ká tún sá mọ́.